LÁTI ORÍ ÌTÀGÉ ÒṢOGBO DÉ ORÍ ÀWO DVD: ÌTÀN IPÒ BỌ́TÌNNÌ NÍNÚ ERÉ YORÙBÁ

Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Mbari ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, ó sì ti jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn láti ọdún 1961. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà dé etí àwọn ará Òṣogbo, wọn kò gbà á bí àlejò. Wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá, wọ́n ní M̀bárí-M̀báyọ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn.

Orúkọ yìí gba ìrònú. Ó so ayọ̀ òǹwòran mọ́ rírí. Ẹni tí kò rí kò lè yọ̀. Bí a bá sì wo bí eré Yorùbá ṣe rìn láti ìgbà náà wá, bí ó ti kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n, tí ó ti ibẹ̀ wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì wá dé orí àwo, ìtàn ohun tí a gbé síwájú òǹwòran ni, àti ti ibi tí a gbé e sí kí ojú rẹ̀ lè tó o. Abala kan wà nínú ìtàn náà tí ojú sábà máa ń fò, nítorí pé ó kéré. Abala náà ni ti bọ́tìnnì orí àwo DVD.

Nígbà tí a bá ti àwo DVD bọ inú ẹ̀rọ, eré kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán kan ni yóò kọ́kọ́ jáde, tí a kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan sí: ibi tí a ó yàn kí eré lè bẹ̀rẹ̀, ibi tí a ó ti mú ìran tí ó wù wá, ibi tí a ó ti yan èdè. Mẹ́nù ni wọ́n ń pe àwòrán yìí. Ọ̀rọ̀ tàbí àmì kọ̀ọ̀kan tí a lè yàn nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní bọ́tìnnì. Ẹni tí ó jókòó nílé ni yóò fi rìmóòtù yàn án, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ti pinnu ibi tí yóò wà, láì rí ilé náà, láì sì mọ irú tẹlifíṣọ̀n tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹni yìí bá ṣe é dáadáa, òǹwòran kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ kankan. Bí kò bá ṣe é dáadáa, ilẹ̀kùn eré yóò há mọ́ òǹwòran lọ́wọ́.

Orí Ìtàgé

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn eré Yorùbá kí a fi Òṣogbo sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe ibùjókòó, òun tí ó gbé Lánkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963 láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí ó sì kú ní ọdún 1973. Ibẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963 kí ó tó gbé e lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1964. Òun náà papò dà ní ọdún 1978. Ibẹ̀ náà ni Oyin Adéjọbí wà, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì gbé ayé títí di ọdún 2000.

Àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń di ẹrù wọn sí, wọn a máa ti ìlú dé ìlú. Láti Òṣogbo dé Iléṣà kò ju nǹkan bí máìlì 20 lọ, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n bá ní ìlú kan kì í rí bí ti ìlú kejì. Lónìí, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni. Lọ́la, gbọ̀ngàn ìlú. Lọ́tùn-ún-la, àgbàlá ilé ìtura. Nítorí náà, ọ̀gá ẹgbẹ́ ní láti mọ bí yóò ṣe mú àwọn òṣèré rẹ̀ kúrò ní etí ìtàgé, kí ẹni tí ó jókòó sí igun má bàa pàdánù ọ̀rọ̀ pàtàkì. Aarin ni a ń fi ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù sí. Etí ni a ń fi ohun tí ó bá sọnù tí kò ba nǹkan jẹ́ sí.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Jimoh Buraimoh, tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán tí ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà, ni ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Ohun tí iná ń ṣe lórí ìtàgé kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí ni ọ̀rọ̀ kàn. Òǹwòran kò ní béèrè. Ojú rẹ̀ yóò ti lọ síbẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó lọ.

Lẹ́yìn èyí, eré kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà náà, nínú èyí tí ẹgbẹ́ yóò ti kí àwọn òǹwòran, tí wọn yóò sì fi orin ta wọ́n lólobó nípa ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú eré. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, gbogbo ènìyàn ni yóò sì gbà á pọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí wọ́n fo ìran kejì kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹta. Ọwọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni gbogbo ètò wà.

Etí Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láìpẹ́ láìjìnnà, àwọn òṣèré Yorùbá wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìṣòro kan tí kò sí lórí ìtàgé: tẹlifíṣọ̀n a máa jẹ etí àwòrán.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ó ní ìdí gbọ̀ọ̀rọ̀, a máa ya àwòrán tí ó tóbi díẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí agbára iná bá lọ sílẹ̀, àwòrán a máa sún kì; bí ẹ̀rọ bá sì gbó, àwòrán a máa yẹ̀ sí apá kan. Bí wọ́n bá ya àwòrán kí ó ba ojú gíláàsì mu géérégé, ìgbà tí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ ni òǹwòran yóò rí àlà dúdú ní etí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe jẹ́ kí díẹ̀ máa sá pamọ́ sẹ́yìn àpótí nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá mọ bí iná mànàmáná ti máa ń ga tí ó sì máa ń rẹlẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan.

Láti inú èyí ni òfin kan ti jáde láàrin àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ó bá jẹ́ ìṣe lásán lè súnmọ́ etí dé ìwọ̀n 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ó kà gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 10 nínú 100. Òfin yìí àti ọgbọ́n ọ̀gá ẹgbẹ́ alárìnkiri, tí ó mú ọ̀rọ̀ pàtàkì kúrò ní etí ìtàgé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Kásẹ́ẹ̀tì àti Àwo VCD

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, tí eré Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, òǹwòran rí agbára kékeré kan gbà. Ó lè dá eré dúró, ó lè yí i padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni kásẹ́ẹ̀tì ní bí ìtàgé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìran ìkẹyìn ní láti yí gbogbo téèpù kọjá.

Ní ọdún 1993 ni àwọn ilé iṣẹ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí àwo VCD. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, òun ni ó ti gba ọjà fíìmù Yorùbá. Ó rọrùn láti tẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó lè wọ inú àwo kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ìdí nìyí tí fíìmù kan fi máa ń wà lórí àwo méjì, tí òǹwòran yóò sì dìde lọ pààrọ̀ àwo nígbà tí eré bá dùn dé góńgó. Láti ọdún 1995 ni ẹ̀dà kejì ìlànà VCD ti fàyè gba mẹ́nù, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ni wọ́n fi ń yàn níbẹ̀: a ó kọ 1, 2, 3 sí ojú àwòrán, òǹwòran yóò sì tẹ nọ́ḿbà náà lórí rìmóòtù. Ipò kò ní ìtumọ̀ kankan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wu ni ni a lè kọ 2 sí. 2 náà ni yóò máa jẹ́.

Àbùkù mìíràn tí VCD ní kan èdè gbọ̀ngbọ̀n. Kò ní ọ̀nà tí a lè gbà tan ìtumọ̀ kí a sì tún pa á. Bí a bá fẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ní láti kọ ọ́ mọ́ ara àwòrán títí láé, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́ jọ máa wò ó.

Àwo DVD àti Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Ní oṣù Bélú ọdún 1996 ni DVD kọ́kọ́ dé ọjà ní ilẹ̀ Japan. Àwo kan ṣoṣo gba fíìmù odindi. Ó lè ní ohùn oríṣi 8 àti ìtumọ̀ tí a kọ sílẹ̀ oríṣi 32, èyí tí òǹwòran lè tàn kí ó sì pa bí ó ti wù ú. A lè pín fíìmù kan sí ìran tí ó tó 99. Gbogbo ọrọ̀ yìí, mẹ́nù ni olórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran, ohun tí kò bá sí lórí mẹ́nù dà bí iyàrá tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni ìtò àwo jẹ́, nítorí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n púpọ̀. Ní ọdún 2001 ni Apple gbé iDVD àti DVD Studio Pro jáde. Ní ọdún 2003 ni Encore DVD ti Adobe dé, tí DVD Architect náà sì jáde pẹ̀lú ètò Vegas. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà gé àwòrán, tí ó sì ń tò ó, ti lè to mẹ́nù fúnra rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Iṣẹ́ tí àgbájọ ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ ẹnì kan, gbogbo àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ sì di ti ẹni náà.

Ọgbọ́n Ipò Bọ́tìnnì

Ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ yẹ ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wò. Kí a mú àpẹẹrẹ kan láti Òṣogbo, ká ní olùtò àwo kan fẹ́ ṣe àwo tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò fi kọ́ nípa ọdún Ọ̀ṣun. Ó ní bọ́tìnnì mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ètò ọdún náà: Ìwọ́pópó, Àtùpà Olójú Mẹ́rìndínlógún, Ìbọ Orí Adé, àti Arugbá. Ó fi àwòrán odò Ọ̀ṣun nínú igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àjùmọ̀ní ayé ní ọdún 2005 ṣe ẹ̀yìn mẹ́nù.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ ni ààlà. Ìlànà PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò, àwòrán DVD rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ àmì 720 ní ìbú àti 576 ní òró. Bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ní etí kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹyọ àmì 72 sí ọ̀tún àti sí òsì, àti nǹkan bí 58 sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ojú àwòrán ni olùtò ń rí, etí kò sì ní jọ ibi tí ó léwu lójú rẹ̀. Nígbà tí àwo bá dé inú tẹlifíṣọ̀n tókunbọ̀ kan ní Iléṣà ni “Arugbá” yóò di “rugbá”. Púpọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí ó dé lẹ́yìn náà pàápàá ṣì ń gé etí díẹ̀.

Èkejì ni pé bọ́tìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ojú rí nìkan. Àpótí onígun mẹ́rin kan tí a kò rí ni ó yí ọ̀rọ̀ náà ká. Àpótí méjì kò gbọdọ̀ gun ara wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní mọ èyí tí a yàn. Ẹni tí ó bá to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdagun, kí ó lè lẹ́wà bí ìgbì omi, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò kan ara wọn ṣùgbọ́n àpótí wọn ti wọ inú ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí ó so bọ́tìnnì pọ̀. Rìmóòtù kò ní ìka tí ó lè nà sí ohun tí ó wù ú. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì ni a sábà máa ń fi rìn lórí mẹ́nù. Nítorí náà, a ní láti sọ fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ibi tí òǹwòran yóò bọ́ sí bí ó bá tẹ ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ètò kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra ni ó ń wò, kò mọ ètò ọdún. Bí a bá to bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàkiri láìlétò, ẹni tí ó wà lórí Ìwọ́pópó lè tẹ ìsàlẹ̀ kí ó bá ara rẹ̀ lórí Arugbá, láì gba ọ̀dọ̀ Àtùpà kọjá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí ọdún náà ti rí nìyẹn. Àṣìṣe yìí a sì máa fara pamọ́ fún olùtò, nítorí pé eku kọ̀ǹpútà ni òun fi ń tẹ bọ́tìnnì, eku sì lè lọ tààrà sí ibi tí ó bá wù ú. Àfi kí ó fi rìmóòtù dán an wò bí ará ilé ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀ tí yóò fi bọ́tìnnì tí a yàn hàn. Àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n tẹ́ lé orí mẹ́nù, tí kò lè ní ju àwọ̀ mẹ́rin lọ. Òun ni ó ń yí padà bí òǹwòran ti ń rìn láti bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Iṣẹ́ tí iná ń ṣe lórí ìtàgé ni èyí: ẹni tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí ni ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bá jẹ́ méjì péré, tí ọ̀kan pupa tí èkejì sì funfun, ta ni yóò sọ bóyá pupa ni a yàn tàbí funfun? Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, èyí tí ó dá yàtọ̀ yóò sọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó yẹ kí a fi àmì mìíràn kún un, bí ọfà kékeré tàbí ìlà abẹ́, kí òǹwòran má bàa máa méfò.

Ẹ̀karùn-ún ni ìyàtọ̀ ilẹ̀. Bí àwo yìí yóò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Òṣogbo tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ìlànà NTSC ni wọ́n ń lò níbẹ̀, tí òró àwòrán rẹ̀ kò ju 480 lọ. Bọ́tìnnì tí ó wà ní ìlà 520 nínú ti Nàìjíríà kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́. Àmì tí ó rí róbótó bí ojú ìlù lórí kọ̀ǹpútà yóò fẹ̀ díẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n PAL, yóò sì tín-ín-rín díẹ̀ lórí ti NTSC, bí olùtò kò bá ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ru aṣọ lọ sí ìlú jíjìnnà, tètè mọ ẹ̀kọ́ yìí nínú òwò tiwọn: ọjà kan náà, ojú tí oníbàárà ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń wò ó yàtọ̀.

Àmì Orí àti Àmì Abẹ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí kan ilẹ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó kan Yorùbá ní tààrà. Wo orúkọ mẹ́ta yìí: Òṣogbo, Ọ̀ṣun, Iléṣà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní àmì lórí àti àmì lábẹ́. Àwọ̀ tí ń fi bọ́tìnnì hàn kò sì lè kọjá àpótí onígun mẹ́rin tí a ti mẹ́nu bà. Bí olùtò bá fún àpótí náà mọ́ ara lẹ́tà bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ, lẹ́tà yóò tàn, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ yóò wà ní ìta nínú òkùnkùn. Ọ̀ṣun yóò di Òsun, èyí tí kì í ṣe orúkọ òrìṣà kankan. Ẹlẹ́yinjú àánú tí ó ni odò yóò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di osùn tí a fi ń kun ara.

Kò tán síbẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìlà àwòrán kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan máa ń fo èkejì, wọ́n a sì máa gba ara wọn ṣe. Ohun tí kò bá nípọn ju ìlà kan lọ yóò máa ṣẹ́jú. Àmì abẹ́ tí ó kéré jù yóò máa hàn, yóò máa pamọ́. Nítorí náà, bọ́tìnnì Yorùbá nílò ààyè ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀, àmì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ nípọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó bọ́tìnnì mẹ́jọ jọ sí ojú kan gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i nínú àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rí i pé àyè kò gbà á. Bí ó bá gbọ́n, yóò dín bọ́tìnnì kù. Bí kò bá gbọ́n, àmì ni yóò gé kúrò, tàbí kí ó tilẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì pátápátá.

Èyí sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́, nítorí pé èdè kò wọ́n Yorùbá fún iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí a ti ń tẹ ìwé eré oníṣe ní Yorùbá ni a ti ń kọ “Ìran Kìíní” àti “Ìran Kejì” sórí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí mẹ́nù nílò ti wà nílẹ̀ kí DVD tó dé ayé. Ìwúlò pípín eré sí ìran kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí iná ti lọ mọ́ lójú láàrin eré: bí iná bá padà dé, ibi tí ó bá a dé ni yóò fẹ́ padà sí, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn ti Iléṣà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ti Òṣogbo. Níbi tí ará Òṣogbo bá ti ń pe “ilé”, “ulé” ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń pè. I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní ọdún 1963, tí ó sì kú ní ọdún 1996, fi Ìjẹ̀ṣà kọrin, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì jó o. VCD kò lè ṣe ju ohùn kan sí ara fíìmù lọ dáadáa. DVD lè gbà tó ohùn 8. Àwo kan ṣoṣo lórí ọdún Ìwúdè ti Ọwá Obòkun lè ní àlàyé ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, òmíràn ní Yorùbá àjùmọ̀lò, òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni ó gbà, tí a tò sí ibi tí ojú tó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ìbá tẹ bọ́tìnnì kan gbọ́ èdè ìyá ìyá rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà mú wá nìyí. Ṣùgbọ́n ọjà ti yan VCD tí kò wọ́n, ìgbà tí DVD sì fi gbilẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ.

Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù

Ní ọdún 2008 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù Arugbá jáde, èyí tí ìtàn rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìgbà àwo ṣì ni nígbà náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 2011, Apple dá DVD Studio Pro dúró. Ẹ̀dà Encore tí Adobe ṣe ní ọdún 2012 ni ìkẹyìn. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì àti inú fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran ti ń wo eré, níbi tí ìka ti ń kan ohun tí ó wù ú ní tààrà.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé kí ni ànfààní kíkọ́ nípa ohun tí ó ti ń kọjá lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn àwo náà ṣì wà. Wọ́n wà nínú àpótí ní ilé àwọn olùkọ́, nínú yàrá ìkàwé, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Òṣogbo àti ní Iléṣà. Nígbà tí a bá ń da àwo bẹ́ẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà kí ó má bàa bàjẹ́, àwòrán eré nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú. Mẹ́nù yóò ṣòfò, orúkọ ìran tí a fún apá kọ̀ọ̀kan yóò ṣòfò, ohùn kejì àti ìtumọ̀ tí kò bọ́ sójú yóò ṣòfò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá da odindi àwo kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, tẹnu ọ̀nà tìyẹ̀wù. Kò gba ju sùúrù díẹ̀ lọ.

Bákan náà, ẹ̀kọ́ tí ipò bọ́tìnnì kọ́ni kò ní bá DVD kú. Etí fóònù pẹ̀lú ní ibi tí ìka kì í dé. Àmì abẹ́ Yorùbá ṣì ń bọ́ sí ìta àpótí lójú fóònù. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń fi sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí yóò ṣe ti Yorùbá ní láti mọ ìwọ̀n ààyè tí Yorùbá ń gbà, kí ó sì fún un ní ààyè náà kí ó tó ronú kan ọ̀ṣọ́ mìíràn.

Àwọn baba eré ní Òṣogbo kò mọ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó jókòó sí igun gbọ̀ngàn, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ kúrò ní etí nítorí rẹ̀. Àwọn ará ìlú tí ó sọ Mbari di M̀bárí-M̀báyọ̀ ti fi ìlànà náà lélẹ̀ láti ọdún 1962: kí ayọ̀ tó dé, àfi kí a kọ́kọ́ rí i.